Bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ brain box Toyota Corolla tí ọkọ̀ á sì jí

Ó wọ́pọ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì. Ọkọ̀ á kú lójú títì, wọ́n á ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló jó. Wọ́n á lọ ra òmíràn, wọ́n á so ó mọ́ ọn, ọkọ̀ ò ní jí. Nígbà míì ó máa jí, yóò rìn fún ọjọ́ díẹ̀, á tún kú bíi ti àkọ́kọ́. Owó ti lọ, ẹni tó ta ọjà náà ò sì ní gbà á padà.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Brain box àkọ́kọ́ lè má bàjẹ́ rárá. Nọ́ńbà ara èyí tí wọ́n rà lè má bá ti ọkọ̀ mu. Tàbí kó jẹ́ pé ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, tó ń dúró de èkejì. Ẹni tó bá yanjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó ná owó, iṣẹ́ tó kù ò le.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣe é ni Corolla ọdún 2005 sí 2008 tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE. Ó kún títì wa, àrùn brain box rẹ̀ kì í sì í ṣe àhesọ: lóṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota pe Corolla àti Matrix tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà torí pé ojú léèdì (solder tí wọ́n fi jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù) inú brain box wọn lè sán. Èyí tí wọn ò tún ṣe kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn náà dé ọ̀dọ̀ wa ni. Tí tiyín bá jẹ́ Camry tàbí Sienna, ètò náà ò yàtọ̀ púpọ̀. Ibi tó bá ti yàtọ̀, màá sọ.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó pé. Iṣẹ́ àṣefisílẹ̀ lórí brain box máa ń dá wàhálà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

- Mítà tó ń ka volt àti ohm, àti gílóòbù 12 volt kékeré tí ẹ jó wáyà méjì mọ́.
- Sikánà tó ń fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ (àwọn nǹkan tó ń ròyìn ẹ́ńjìnnì fún brain box) ń sọ hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ń ka kóòdù àléébù nìkan ò tó. Tí ẹ bá lè rí laptop tó ní Techstream, tí í ṣe sọ́fítíwìà Toyota fúnra rẹ̀, pẹ̀lú wáyà tó ń so ó mọ́ ọkọ̀, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.
- Bátìrì tó kún, àti èkejì tí ẹ máa so mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá ń kọ nǹkan sínú brain box.
- Sípánà onísọ́kẹ́ẹ̀tì 10, sikurú-díráfà, àti wáyà tín-ín-rín kan tó gùn tó ìka ọwọ́.
- Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà. Èyí tó wà nílé, ẹ lọ mú un wá.
- VIN ọkọ̀, ìyẹn nọ́ńbà ṣáṣíìsì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ibi mẹ́tàdínlógún ló ní. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú VIN kankan, nítorí náà ohun tó bá jọ O níbẹ̀, òdo ni.

Ẹ wá àwòrán wáyà ọkọ̀ yín náà, tó bá ọdún rẹ̀ mu. Láìsí i, ẹ ò ní mọ èwo ni wáyà iná, èwo ni áàtì (èyí tó so mọ́ irin ara ọkọ̀ àti nẹ́gátíìfù bátìrì), nínú ọ̀pọ̀ wáyà tó wọ inú àpótí yẹn.

1. Ẹ rí i dájú pé brain box ló kú

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti lo àsìkò jù lọ. Fíúsì, rìléè, wáyà áàtì tó dípẹtà, tàbí sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo lè mú kí ọkọ̀ ṣe bíi pé brain box ló ti lọ.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì. Ẹ wo iná check engine lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó yẹ kó tàn. Tó bá tàn, tí sikánà sì ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, brain box ṣì wà láàyè. Ọkọ̀ tó ń kú nígbà tó bá gbóná, tó ń jí nígbà tó bá tutù, tí iná yẹn ṣì ń tàn lásìkò tó kọ̀ tí kò jí, ẹ kọ́kọ́ yẹ sẹ́ńsọ̀ crankshaft, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, wò. Àmì rẹ̀ jọ ti léèdì tó sán gan-an, àmọ́ owó wọn ò jọra. Tó bá jẹ́ léèdì inú brain box ló ń já tó ń so, ìgbà tí ọkọ̀ bá kọ̀ ni sikánà náà máa pàdánù brain box.

Tí iná ò bá tàn, tí sikánà ò sì rí nǹkan kan, ẹ máa lọ báyìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti fíúsì àti rìléè tí wọ́n kọ EFI sí lórí ìdérí àpótí fíúsì. Ẹ má fi ojú lásán wo fíúsì. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Ẹ fi rìléè mìíràn tó bá a dọ́gba dán ipò rẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo iná tó ń wọ brain box. Mítà nìkan máa ń tan èèyàn jẹ níbí. Wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo á fi 12 volt hàn lójú mítà, àmọ́ kò ní lè tan gílóòbù. Nítorí náà, ẹ fi gílóòbù yẹn sáàárín wáyà iná àti áàtì. Tó bá tàn rokoṣo, iná dé. Tó bá ń ṣe bàìbàì, ẹ tọ wáyà náà lọ títí ẹ ó fi rí ibi tó ti jẹrà. Ẹ má fi gílóòbù kan wáyà sẹ́ńsọ̀ o, ó lè ba nǹkan jẹ́.

Áàtì ló kàn. Pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ON, ẹ fi wáyà dúdú mítà sí orí nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹ fi pupa kan wáyà áàtì brain box. Kò gbọ́dọ̀ ju 0.1 volt lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá bóòtù tí wáyà áàtì dè mọ́ lára ẹ́ńjìnnì, ẹ tú u, ẹ fi sandpaper nù ún, ẹ dè é padà.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Brain box máa ń fi 5 volt ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ńsọ̀ kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́ tó sì so 5 volt yẹn mọ́ áàtì, brain box Toyota á dákẹ́ lọ gbári: check engine ò ní tàn, sikánà ò ní sọ̀rọ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní jí. Kò sí ohun tó máa fi í hàn yàtọ̀ sí èyí tó kú ní tòótọ́. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ kan, kí ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà sí ON, kí ẹ wo iná check engine. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara throttle body, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, àti ẹsẹ̀ tọ́tù, kí ẹ wá máa tẹ̀ lé àwòrán wáyà yín dé ọ̀dọ̀ gbogbo sẹ́ńsọ̀ tó ń gba 5 volt. Sẹ́ńsọ̀ tí ẹ bá yọ tí iná sì tàn lójijì, òun ni ọ̀daràn. Owó sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa ná.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí parí: iná dé, áàtì mọ́, gbogbo sẹ́ńsọ̀ 5 volt ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ brain box ò mú 5 volt jáde. Ó ti kú. Tí ọkọ̀ bá ṣì ń jí ṣùgbọ́n tí kóòdù P0601 tàbí P0606 ń padà wá lẹ́yìn tí ẹ ti pa á rẹ́, inú àpótí náà ni àléébù wà. Fún Corolla yìí, ẹ tún lè fi ẹ̀yìn sikurú-díráfà kan àpótí náà jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá mì tàbí tó fẹ́ kú, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà rẹ̀ sì le dáadáa, léèdì ló sán.

2. Ẹ wá ohun tó pa á

Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà láìpẹ́. Ṣé wọ́n fi wáyà jọ́ńpù bátìrì rẹ̀ tí wọ́n sì gbé pọ́sítíìfù sí nẹ́gátíìfù? Ṣé panel beater jó irin lára rẹ̀ láìyọ orí bátìrì? Ṣé wọ́n fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní kár wọ́ọ̀ṣì?

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn nǹkan mẹ́ta. Ìkíní ni alternator, tó ń fi iná sínú bátìrì. Tí ọkọ̀ bá ṣì ń jí, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.8 volt lórí bátìrì. Tó bá ti wọ 15 volt, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi brain box tuntun kan ibẹ̀. Ẹ yí mítà sí AC, ẹ tún wọn orí bátìrì kan náà: tí AC ibẹ̀ bá ju ìdajì volt lọ, diode inú alternator ti ń bàjẹ́.

Ìkejì ni injector mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ wọn ohm láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Nínú 1ZZ-FE, bíi 13 tàbí 14 ohm ló yẹ kí ẹ rí, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì sún mọ́ra. Èyí tó bá já wálẹ̀ sí ohm méjì tàbí mẹ́ta ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, iná yẹn sì gba inú brain box kọjá. Tí ẹ bá fi brain box tuntun sí i láìyọ injector yẹn, ẹ ti sun owó yín níná.

Ìkẹta, ojú ni ẹ máa fi wò ó. Ẹ tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ oxygen lọ dé ìdí sàlẹ́ńsà, ibẹ̀ ló ti máa ń yọ́. Ẹ wo ibi tí wáyà ti ń gé ara lórí irin, àti ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Ẹ ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan aláwọ̀ ewé tàbí ìyẹ̀fun funfun, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ fi contact cleaner fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ tán.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí parí: ẹ lè dárúkọ ohun tó pa á, tàbí kí ẹ ti wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí gbogbo rẹ̀ sì dáa. Lórí Corolla yìí, tí gbogbo rẹ̀ bá dáa, àrùn léèdì tí wọ́n bí i mọ́ ni.

3. Ẹ ra èyí tó bá nọ́ńbà mu

Lára àpótí àtijọ́, ẹ máa rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661, lẹ́yìn náà àmì márùn-ún mìíràn. Gbogbo rẹ̀ pátá ló gbọ́dọ̀ bára mu. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọlé geere kò túmọ̀ sí pé ó bá a mu, èyí sì ni ọ̀fìn tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn mì. Toyota máa ń kọ ìmọ̀ ẹ́ńjìnnì sínú brain box láti ilé iṣẹ́, ti ọkọ̀ gíà ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀tọmátíìkì, ti ọkọ̀ tó ní immobilizer, ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jí fún kọ́kọ́rọ́ tí kò mọ̀, yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Wọ́n tún ya ti ìpínlẹ̀ California sọ́tọ̀ nítorí òfin èéfín wọn. Gbogbo wọn lè jọ ara wọn bí ìbejì lórí tábìlì.

Nígbà míì, nọ́ńbà tuntun ti rọ́pò ti àtijọ́ nínú ìwé Toyota, pàápàá lẹ́yìn ìpè ọdún 2010. Ẹni tó bá fi VIN yín wo katalọ́ọ̀gì á rí èyí tó tọ́. Ìdáhùn tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà ni "ọ̀kan náà ni gbogbo wọn".

Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Ládipọ̀ tàbí ní Árárọ̀mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gate ní Ìbàdàn, ẹ mú àpótí àtijọ́ dání. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, òórùn jíjó kì í tètè lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ìkankan má tẹ̀ tàbí dípẹtà. Tí ìlẹ̀mọ́ tó ní nọ́ńbà bá tuntun ju àpótí lọ, tàbí tí etí rẹ̀ ti ṣí, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ sì fẹnu kò pẹ̀lú ẹni tó tà á pé ẹ máa dán an wò kí ó tó di tiyín, kí ẹ jọ fi àmì sí i lára.

Tí ọkọ̀ yín bá ní immobilizer tó wà nínú brain box fúnra rẹ̀, bíi ti Camry ọdún 2002 sí 2006, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tún ti àtijọ́ ṣe tó bá ṣeé tún ṣe. Ẹni tó mọ iṣẹ́ bọ́ọ̀dù lè tún léèdì jó, ó sì lè pààrọ̀ transistor tó jó. Kọ́kọ́rọ́ yín á ṣì máa ṣiṣẹ́, nọ́ńbà ò ní yí padà, owó rẹ̀ á sì fúyẹ́.

4. Yíyọ àti fífi sí

Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì. Ẹ dúró ó kéré tán 90 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí airbag.

Nínú Corolla 2005 sí 2008, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹ máa wá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí air filter. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota mìíràn, ẹ̀yìn pigeonhole ló wà. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ tọ ìdì wáyà tó nípọn jù lọ.

Ẹ fọwọ́ kan irin ara ọkọ̀ kí iná ara yín lè wálẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọwọ́ ìtìpa. Ẹ ṣí ọwọ́ yẹn dé òpin, sọ́kẹ́ẹ̀tì á yọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fa wáyà. Ẹ má fi ìka kan ẹsẹ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé ní tààrà, kí ẹ sì ti ọwọ́ rẹ̀ pa títí yóò fi dún "kàì". Tó bá ń le, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un wò. Ẹsẹ̀ kan lè ti tẹ̀. Ẹ dá bóòtù 10 rẹ̀ padà gbogbo.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí parí: ẹ dá orí bátìrì padà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Check engine tàn, sikánà sì bá brain box sọ̀rọ̀. Ẹ má tíì sítáàtì.

5. Kọ́kọ́rọ́ àti immobilizer

Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ò sí lẹ́nu rẹ̀. Tí iná pupa kan bá ń ṣẹ́jú níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ yín ní immobilizer. Corolla ìgbà yẹn tí kò ní in pọ̀ gan-an. Tí tiyín bá wà lára wọn, ẹ fo ìpele yìí.

Tó bá ní in, tí ẹ sì sítáàtì báyìí, ẹ́ńjìnnì lè jí fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó sì kú. Èyí kì í ṣe pé brain box tuntun bàjẹ́. Kò tíì mọ immobilizer ọkọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ló ti dá ọjà tó dáa padà nítorí rẹ̀.

Nínú àwọn Toyota tí immobilizer wọn dá dúró lọ́tọ̀, ẹ lè mú wọn mọ ara wọn láìlo kọ̀ǹpútà. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni ihò OBD, ibi tí ẹ ń so sikánà mọ́, wà, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló ní. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín yẹn so ẹsẹ̀ 4 mọ́ ẹsẹ̀ 13. Ẹ kà á dáadáa, torí ẹsẹ̀ 16 ní iná bátìrì, tí ẹ bá so òun mọ́ 4, fíúsì á jó. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Bátìrì kejì yẹn wúlò níbí. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà, ẹ wá sítáàtì. Ẹni tó bá pa á ní ìṣẹ́jú ogún torí ìkánjú á tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Èyí tí immobilizer rẹ̀ wà nínú brain box ò gba ọ̀nà yìí. Èyí tó jẹ́ tuntun látinú páálí á gba kọ́kọ́rọ́ yín fúnra rẹ̀. Tòkunbọ̀ ṣì rántí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́, kò sì ní gba tiyín. Ẹlẹ́kítíróníìkì tó mọ̀ ọ́n ló máa ṣí i, tó máa ka chip ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kékeré inú ti àtijọ́, tó sì máa kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú tòkunbọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ ju ti àtijọ́ nù tàbí kí ẹ fi í ṣe pààrọ̀ lọ́jà kí ọkọ̀ tó jí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí parí: kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ní jí ọkọ̀, ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ láìkú. Ẹ dán gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

6. VIN àti kóòdù

Ẹ so bátìrì kejì mọ́ ti ọkọ̀, ẹ pa AC, rédíò àti iná iwájú. Kí bátìrì laptop kún, ẹ má gbára lé iná NEPA. Nínú Techstream, ẹ wọ ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà Utility, ẹ wá ibi tí VIN wà. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ kọ ibi mẹ́tàdínlógún náà, ẹ sì kà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fò ó, kóòdù P0630 lè máa yọjú.

Ẹ pa gbogbo kóòdù rẹ́. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ dá a padà sí ON, ẹ má fẹsẹ̀ kan tọ́tù, ẹ sítáàtì. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ní ìdúró títí yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ. Eré rẹ̀ lè máa lọ sókè sódò níbẹ̀rẹ̀, brain box ń kọ́ throttle ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í tún throttle body tẹ̀ lásìkò yìí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí parí: ìdúró rẹ̀ wà nítòsí 700, check engine kú, VIN tó wà nínú sikánà bá ti ara ọkọ̀ mu.

7. Ẹ wà á jáde

Ẹ so sikánà mọ́ ọn, ẹ wà á fún bí ìdajì wákàtí, ní títì tó dí àti níbi tó ṣí sílẹ̀. Kí ẹlòmíì máa wo sikánà, kì í ṣe ẹni tó ń wà á. Long term fuel trim, ìyẹn bí brain box ṣe ń fi epo kún tàbí dín in kù, gbọ́dọ̀ wà láàárín òdì 10 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ padà wo nọ́ńbà brain box kí ẹ tó dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi. Gíà ọ̀tọmátíìkì gbọ́dọ̀ máa wọlé jẹ́jẹ́. Tó bá ń já gan-an láti ìkíní sí ìkejì, tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà náà ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ padà sílé, ẹ pa ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì gbóná, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tún sítáàtì. Ìgbà tó gbóná báyìí ni léèdì tó sán àti sẹ́ńsọ̀ crankshaft tó ń kú lọ máa ń fi ara hàn. Tó bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ka kóòdù lẹ́ẹ̀kan sí i, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní pending, tí kò tíì tan iná. Tí kò bá sí ìkankan, ẹ lè sanwó ẹni tó ta ọjà. Ẹ kọ nọ́ńbà 89661 tuntun náà sínú ìwé ọkọ̀ yín, kí ẹ sì di brain box àtijọ́ sínú ọ̀rá, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé.